Ann Arbor, Nòfẹ́ńbà 2022: èmi, Bọ̀dá mi àti èrò tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún

Inú fóònù ni mo kọ gbogbo èyí sí bí ọjọ́ ṣe ń lọ, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni kí n tó gbé e síta, ibi tí mo bá sì ti fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, ẹ máa rí i. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Osimhen tàbí Arsenal, ẹ má bínú o, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo lọ wò, èyí tó ṣẹnu ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n á gbá mọ́ àyà tí wọ́n á máa sá lọ kí ẹlòmíì tó wá là wọ́n mọ́lẹ̀. Ti yunifásítì sì ni, kì í ṣe ti NFL, líìgì àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo gbéra ní Chicago bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́. I-94 ni mo gbà, go-slow mú mi nítòsí Gary débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, lẹ́yìn ìyẹn Kalamazoo, lẹ́yìn ẹ̀ Jackson, mi ò rí nǹkan kan ju iná ẹ̀yìn mọ́tò lọ. Aago Michigan fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, ìyẹn ló jẹ́ kó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá kí n tó wọ ilé Bọ̀dá Délé ní Ypsilanti. Àǹtí ò tíì sùn, wọ́n ro àmàlà tuntun fún mi lóru, tòun ti gbẹ̀gìrì, kí Ọlọ́run bá mi san án fún wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bọ̀dá. Yunifásítì Michigan ni wọ́n ti gba máásítà, láti ìgbà yẹn wọn ò fi tíìmù náà sílẹ̀, ìgbà tó dùn, ìgbà tó korò, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún méjì ni wọ́n máa ń rà, tiwọn àti ti Àǹtí. Àǹtí máa ń lọ ní Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n máa ń lọ ní Ọkitóbà, ṣùgbọ́n tó bá ti di Nòfẹ́ńbà, wọ́n ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni kú sínú òtútù. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Nebraska ló ń bọ̀ wá bá Michigan ní Sátidé. Mo ní ta ni Nebraska, ṣebí káàkiri ni wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n lọ́dún yìí? Bọ̀dá fi ife omi sílẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe tíìmù ni kí n wá wò, èrò ni kí n wá wò. Láti 8 Nòfẹ́ńbà 1975, kò tíì sí eré kan tí Michigan gbá nílé tí èrò ibẹ̀ ò lé ní 100,000, àfi 2020 tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, ìyẹn wọn ò kà á. Nebraska ní tiwọn, láti 3 Nòfẹ́ńbà 1962, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì pápá wọn ní Lincoln ló ń tán, eré tí wọ́n ti tà tán báyẹn ti lé ní 380. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an, Missouri nà wọ́n níwájú gbogbo èrò.

Mo wá bi wọ́n pé kí tíkẹ́ẹ̀tì tán àti kí èèyàn wá jókòó, ṣé ọ̀kan náà ni? Wọ́n ní kí n lọ sùn.

Fúráìdé, 11 Nòfẹ́ńbà

Ìdáhùn ìbéèrè àná ni Bọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ yìí. A ò lọ Ann Arbor tààrà, Rynearson la kọ́kọ́ lọ, pápá àwọn Eastern Michigan University, inú Ypsilanti níbẹ̀ náà ni, kò jìnnà sílé rárá. Koríko oníke tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú ni, 2014 ni wọ́n ti tẹ́ ẹ, wọ́n ń pe ibẹ̀ ní The Factory torí ilẹ̀ àwọn tó ń rọ mọ́tò ni gbogbo agbègbè yìí. A dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, a ń wo bẹ́ńṣì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó lé ní 30,000 èèyàn tó lè jókòó síbẹ̀. Bọ̀dá ní òun ti wo eré níbẹ̀ rí tí òun ń gbọ́ ohùn kóòṣì láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, nígbà náà ni pé ilé-ìwé tó bá fẹ́ dúró sí ìpele tó ga jù, FBS, gbọ́dọ̀ máa ní 15,000 èèyàn, ó kéré tán, lórí eré ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ pọ̀, ó sì gbà kí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sanwó ẹ̀ ṣe é. Eastern ò rí 15,000. Wọ́n wá mú nínú owó àdéhùn mínírà tí wọ́n bá Pepsi ṣe, wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ara wọn ní dọ́là mẹ́ta mẹ́ta. O pàtẹ ọjà, ìwọ náà lo tún ra gbogbo ẹ̀ lórí àtẹ. Ní 2016 àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tiẹ̀ kọ ìwé jáde pé kí ilé-ìwé yéé ná owó sórí ẹ̀, kí wọ́n kúrò ní ìpele yẹn, àwọn aláṣẹ ò gbà.

Tíìmù yẹn kì í ṣe ọ̀dẹ̀ o! Ní Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yìí wọ́n lọ ká Arizona State mọ́lé, wọ́n nà wọ́n 30–21, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá kóòṣì Arizona State láìníṣẹ́. Síbẹ̀ Rynearson ò kún. Apá kan ni pé Michigan tó tóbi jù wọ́n lọ wà lẹ́bàá wọn, ọmọ Ypsilanti gan-an, jẹ́sì Michigan ló ń wọ̀. Apá kejì ni tẹlifíṣọ̀n. Tó bá ti di Nòfẹ́ńbà, líìgì tí Eastern wà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé mọ́, alẹ́ Túsìdeè àti alẹ́ Wẹ́sìdeè ni, torí ọjọ́ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n ráyè fún wọn. Ta ló máa gbé ọmọ ilé-ìwé jáde ní Túsìdeè nínú yìnyín? Wọ́n gbowó, wọ́n pàdánù èrò. Èmi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, owó náà ni wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àwọn ará ìlú ò ní ìfẹ́ tíìmù wọn.

Mo kọ ọ́ sí fóònù níbẹ̀: Eastern ń borí, ilé ṣófo. Nebraska ò tíì rí ọdún kan tí wọ́n borí ju bí wọ́n ṣe pàdánù lọ láti 2016, ilé kún. Kí ló fà á?

Ọ̀sán la tó dé Ann Arbor. Tí èèyàn bá gba Main Street, kò ní gbà pé pápá tó gba èrò jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ló ń wò yìí, torí inú ilẹ̀ ni wọ́n rì í sí. Géètì tí o bá bá wọlé, òkè pátápátá ló máa já ẹ sí, wàá wá máa sọ̀ kalẹ̀. Fielding Yost, tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀ nígbà náà, ló dúró lé e lórí kí wọ́n tó kọ́ ọ, 1927 ni wọ́n ṣí i, ọkùnrin yẹn sì ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n á fi lè fẹ̀ ẹ́ ju 100,000 lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé orí ẹ̀ dàrú. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ báyìí ni 107,601. Ọ̀kan tó wà nídìí ẹ̀ yẹn, Fritz Crisler ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, kóòṣì wọn àtijọ́, láti 1956 ni gbogbo nọ́ńbà pápá náà ti ń fi 01 parí, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìjókòó Crisler wà gan-an. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni.

Bọ̀dá ò fẹ́ dá 2014 sọ, èmi ni mo fà á yọ lẹ́nu wọn. Ọdún yẹn tíìmù burú, márùn-ún ni wọ́n borí nínú méjìlá, tíkẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ sì ti wọ́n gógó, àwọn ọmọ náà bá fi ẹsẹ̀ dìbò, wọn ò wá. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé tí o bá ra Coke méjì, wọ́n á fún ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì lé e. (Pepsi ní Ypsilanti, Coke ní Ann Arbor, mínírà ló ń gbé bọ́ọ̀lù ró lágbègbè yìí.) Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwọ́de, Dave Brandon tó ń darí eré ìdárayá níbẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin Ọkitóbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n já owó akẹ́kọ̀ọ́ wálẹ̀. Nínú gbogbo wàhálà yìí, nọ́ńbà tí wọ́n ń kéde ò fìgbà kan wá sísàlẹ̀ 100,000. Mo wo Bọ̀dá, Bọ̀dá wo ojú ọ̀nà.

Sátidé, 12 Nòfẹ́ńbà

Aago 3:30 ọ̀sán ni eré, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ti kúrò nílé. Pápá gọ́ọ̀fù yunifásítì tó kọjú sí stédíọ̀mù, mọ́tò ti kún un fọ́fọ́, àwọn onílé àyíká náà sì ń fi koríko iwájú ilé wọn pawó, màmá òyìnbó kan tó gbé páálí lọ́wọ́ gba dọ́là 50 lọ́wọ́ wa, wọ́n tún fi ọwọ́ júwe bí a ṣe máa yí imú mọ́tò síta kó lè rọrùn láti jáde.

Àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ lórí pápá gọ́ọ̀fù náà, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, Malta, ẹran tí wọ́n fi yájì pa lára lórí èédú. Èéfín ẹran yẹn ló ń bá wa ké sí èèyàn. Nígbà yẹn wọn kì í ta ọtí nínú pápá rárá (2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀), torí náà ìta ni gbogbo èèyàn ti ń mu tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fi di ọ̀sán ẹlòmíì ti yó débi pé ìgbà wo ni yóò tó rí bọ́ọ̀lù wò.

Ibẹ̀ la ti pàdé bàbá Nebraska. Pupa látòkè délẹ̀, fìlà pupa, jákẹ́ẹ̀tì pupa tó ti ń ṣí lọ́rùn ọwọ́, wọ́n ní Lincoln làwọn ti wa mọ́tò wá, bíi wákàtí mọ́kànlá. Súyà ló fà wọ́n dúró. Wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu, ojú wọn pọ́n ju aṣọ wọn lọ, omi dé ojú, wọ́n tún nawọ́ sí òmíràn. Bọ̀dá bá wọn fa ọ̀rọ̀ 1997 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀, lọ́dún 1997 ilé-ìwé méjèèjì ò pàdánù eré kankan, àwọn oníròyìn AP fi Michigan ṣe ọ̀gá gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn kóòṣì dìbò tiwọn, wọ́n gbé e fún Nebraska, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ti pé ọdún 25 báyìí, ó kù díẹ̀ kí àwọn àgbàlagbà méjì yìí tàn án lórí pápá gọ́ọ̀fù.

Mo bi bàbá náà ní ìbéèrè tí mo kọ sí fóònù lánàá, ohun tó ń jẹ́ kí ilé wọn kún. Wọ́n ní kí n wo máàpù. Gbogbo Nebraska, èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù méjì, kò sí tíìmù NFL níbẹ̀, kò sí ti NBA, Lincoln nìkan ni gbogbo wọn ní. Sátidé tí eré bá wà, tí pápá bá kún, pápá yẹn fúnra ẹ̀ di ìlú kẹta tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà, lẹ́yìn Omaha àti Lincoln. Bàbá wọn ló ni tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jogún ẹ̀, ọmọ wọn ló sì máa gbà á. Scott Frost tó gbé bọ́ọ̀lù fún wọn ní 1997, òun náà ló padà wá ṣe kóòṣì ní 2018, gbogbo ìlú jó, ó kùnà, wọ́n lé e lọ ní 11 Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún yìí. Mo ní ó dùn yín? Wọ́n ní ó dùn àwọn bí ẹni pé ọmọ ilé ni. Èyí ni mo ti mọ̀ látilé, torí mo ti jókòó sí Adamasingba rí pẹ̀lú àwọn àgbà Ìbàdàn tó ń bú 3SC láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, tí wọ́n á sì tún wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo tún wá tọ́ wọn níbi tó ń dunni. Ṣé lóòótọ́ ni pé ní 2021 tíkẹ́ẹ̀tì kù nílẹ̀, tí àwọn olówó wá ra ìyókù kí òkìkí 1962 má bàa bàjẹ́? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọdé tí òbí wọn ò lówó ni wọ́n fi àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà fún, ọmọ tó sì dé Lincoln ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò tún sí tíìmù míì fún un mọ́ títí ayé. Mi ò ní èsì sí ìyẹn.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé báàgì wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì, inú fóònù ló wà, òtútù sì máa ń pa bátìrì, abíyá ni mo ki fóònù bọ̀ títí a fi dé géètì, ẹ̀rọ náà dún pí, mo di ọ̀kan nínú èrò. Bẹ́ńṣì alumíníọ́ọ̀mù ni ìjókòó, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, nọ́ńbà kan ni o rà, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ò ju ìdí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lọ. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà ẹ lè gbà á. Ní Nòfẹ́ńbà tí gbogbo èèyàn ti wọ jákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta léra, èèyàn méjì ti gba àyè mẹ́ta, ìyá kan lápá òsì mi gbé ìgúnpá lé mi nítan títí eré fi parí, a ò tiẹ̀ kí ara wa. Ìgbà tí gbogbo èèyàn dìde ni mo tó mí.

Báǹdì tú jáde látinú tunnel, ẹyọ kan ṣoṣo ni tunnel náà, ibẹ̀ ni tíìmù méjèèjì ń gbà (ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn Michigan State ti bá wọn jà nínú ẹ̀). Lẹ́yìn náà àwọn agbábọ́ọ̀lù sáré jáde, wọ́n ń fò sókè fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n ta sójú ọ̀nà. Ariwo yẹn, egungun àyà mi ló bá mi gbọ́ ọ.

Èmi nọ́ńbà 55 ni mò ń wá. Olusegun Oluwatimi, ọmọ wa, òun ni center, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sẹ́yìn kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pariwo orúkọ ẹ̀, Blake Corum ni gbogbo ẹnu ń pè, Corum náà sì ṣe bẹbẹ, yáàdì tó sá lé ní 150, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀nà tó gbà kọjá, ẹ máa rí 55 tó ti fi àyà gbé ẹnì kan kúrò níbẹ̀. Yunifásítì Virginia ni Oluwatimi ti wá, ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọmọ yìí ti lè kó ẹrù lọ sí ilé-ìwé míì báyìí, láti 2021 wọ́n sì ti lè gba owó lórí orúkọ ara wọn, àwọn àgbà kan ń kùn pé ìfẹ́ ilé-ìwé ti tán. Èmi ò kùn. Ọdún kan ṣoṣo ló máa lò níbí, bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ látilé ló ṣe ń fi ara ṣiṣẹ́. (Mo fi kún un: Dìsẹ́ńbà yẹn ló gba ẹ̀bùn Rimington àti Outland, center tó dára jù, àti ẹni tó dára jù láàárín gbogbo àwọn tó ń tira níwájú.)

34–3 ló parí sí. Nebraska ò rí ju field goal kan lọ (kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó, póìǹtì mẹ́ta), kò sí nǹkan tí mo lè fi kún un. Tómi, ọmọ Bọ̀dá, akẹ́kọ̀ọ́ ni níbẹ̀, apá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jókòó sí, kí apá kẹta eré tó parí ó ti fi WhatsApp ránṣẹ́ pé òun ti wà nílé, òun ń mu tíì. Mo wo apá ọ̀hún, bẹ́ńṣì ti ń yọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, pé a ti lé ní 100,000 lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn aláṣọ pupa tó wà ní kọ̀rọ̀ kan lókè, wọ́n ṣì jókòó.

Sọ́ńdè, 13 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ogun dé. Bọ̀dá ní kí Tómi wá ṣàlàyé bí ẹni tó ń borí ṣe ń sá kúrò nílé ara ẹ̀. Tómi ní Daddy, ẹ má bínú, 34–3, òtútù, ìdánwò ní Mọ́ńdè, kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Mo wà lẹ́yìn Tómi díẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa Alabama, níbi tí Nick Saban, kóòṣì wọn nígbà náà, ti ń borí débi pé ó ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á lọ kí eré tó parí, Saban á máa bínú. Ní 2019 ilé-ìwé náà ṣe áàpù kan tó ń wo ibi tí fóònù ọmọ wà, o wá, o gba 100 póìǹtì, o dúró dé apá kẹrin, o gba 250, ẹni tó bá ní póìǹtì jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní tíkẹ́ẹ̀tì àṣekágbá. Àǹtí láti kíṣìnnì: "Ẹ̀wọ̀n nìyẹn kẹ̀!"

Tómi wá fi tiẹ̀ kún un. Ó ṣí fóònù, ó kà á fún bàbá ẹ̀: ní 2018 Wall Street Journal gba iye tí ẹ̀rọ géètì kà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, wọ́n fi wé iye tí àwọn ilé-ìwé náà kéde, ibi tí wọ́n bá ti ní 100 wá, bíi 71 ni ẹ̀rọ rí. Bọ̀dá ní Michigan kọ́ nìyẹn. Tómi ní òun ò dárúkọ Michigan. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ wọn ló dáhùn ẹ̀ lójú wọn.

Ohun tí mo rò bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀ rèé. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wá, ó sanwó kí orúkọ má bàa bàjẹ́, ìyẹn náà jẹ́ ìfẹ́, èmi ò ní fi wọ́lẹ̀, Bọ̀dá ń san owó Àǹtí ní Nòfẹ́ńbà lọ́dọọdún kó tó di pé èmi dé. Bí wọ́n bá gbé àwọn Michigan tó ti ń borí báyìí sí ipò Nebraska, kí wọ́n pàdánù láti 2017 títí di òní, mo fẹ́ mọ iye tó máa kù nínú 100,000. 2014 ti fi díẹ̀ hàn wá. Nebraska ni mo máa gbé owó mi lé. (Ní 30 Ọ́gọ́ọ̀sì 2023 wọ́n gbé vọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin sínú pápá Lincoln yẹn, èèyàn 92,003 ló wá wò ó. Vọ́líbọ́ọ̀lù!)

Mọ́ńdè, 14 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, yunifásítì Illinois ni wọ́n ti jáde, wọ́n rí fọ́tò mi, wọ́n bi mí pé nínú Illinois níbí ni mo ti ń san owó orí àbí Michigan. Illinois ló kàn tó ń lọ sí Ann Arbor ní Sátidé. Bọ̀dá ti ní kí n padà wá, tíkẹ́ẹ̀tì Àǹtí ṣì wà nílẹ̀. Mo ní rárá, ìgúnpá ìyá yẹn ṣì wà nítan mi.

Mo fi kún un: wọ́n gbá a ní 19 Nòfẹ́ńbà, Illinois ń ṣáájú títí eré fi fẹ́ parí, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ni Jake Moody gbá field goal wọlé, 19–17 fún Michigan. Ariwo Bọ̀dá lórí fóònù, aládùúgbò mi gbọ́ ọ. Ọ̀gá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn títí Thanksgiving fi kọjá.